Ẹranko Tó Ń Bojú Wẹ̀yìn

Orí ìdí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo yí pépà náà wò lẹ́yìn bóyá wọ́n fi àwàdà pa mọ́ síbẹ̀. Orí ìdí náà ni. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ rèé: "Ara kinniun. Apa meji bi ti eye. Ori idi. Oju re mu gan-an. Ise re: wura lo n so. Awon ti won n gbe leba oke to jinna ni won ni itan re." Kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀. Wọ́n to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gbalaja bí aṣọ tí wọn ò lọ̀.

Wúrà ló ń ṣọ́, ìyẹn yé mi. Ara kìnnìún, ìyẹn náà yé mi. Àmọ́ orí ìdí?

Orí bẹ́ǹṣì abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí, ibi tí mo ti ń jẹun ọ̀sán láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé ìwé yìí. Oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá dá jẹun fóṣù mẹ́ta á ti mọ iye ìṣó tó wà lára bẹ́ǹṣì rẹ̀. Tèmi jẹ́ mọ́kànlélógún. Ọ̀kan yọ orí síta, òun ló fa síkẹ́ẹ̀tì mi ya lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó kí mi káàbọ̀, ìṣó ti kí mi.

Àlejò ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì. Wọn ò fi bú mi o. Ṣé wọ́n tiẹ̀ rí mi débi tí wọ́n á fi bú mi? Ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, ẹnu mi mú bí abẹ, ìyá mi gan-an jẹ́rìí sí i, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta kọjá tí ẹnu ọ̀hún ò ríṣẹ́ kankan ṣe ju kó jẹ búrẹ́dì lọ.

Tíṣà ìtàn wa ló fún wa níṣẹ́ náà. Bàbá Ẹ-Wò-Ó là ń pè é, torí pé kò lè la ẹnu láìfi "ẹ wò ó" bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀wé nípa àwọn òrìṣà àti ẹranko abàmì tí oríṣiríṣi ìran ènìyàn kárí ayé ń pìtàn wọn, ogójì pépà, ó ká wọn sínú báàgì, kálukú wa sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹnì kan mú ọlọ́run tó ń fi òòlù sán àrá. Ẹnì kan mú òrìṣà tó ní orí erin. Ẹnì kan mú ẹyẹ tó ń dáná sun ara rẹ̀ tó sì ń jí dìde látinú eérú. Ẹnì kan mú òmìrán olójú kan. Bàbá Ẹ-Wò-Ó ò kọ orúkọ ọ̀kankan síbẹ̀, kí a má baà lọ wo àwòrán wọn nínú fóònù.

"Ẹ wò ó," ó ní, "ohun tó wà nínú pépà ni kí ẹ yà, ohun tó wà nínú pépà ni kí ẹ sọ. Àwọn ìtàn yìí ní olóhun. Mo ní wọ́n ní àwọn tó ni wọ́n! Ẹ má fi tiyín kún un. Mi ò ní wo iṣẹ́ ẹnikẹ́ni títí di ọjọ́ ìpàtẹ. Ẹni tó bá ṣe é dáadáa jù, àwòrán rẹ̀ la máa kùn sára ògiri ilé ìkàwé."

Ta ló wá bá a tẹ pépà ọ̀hún? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ni. Àǹtí ló ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé tó kọjú sí géètì ilé ìwé, yàrá kótópó kan tó gba kọ̀ǹpútà kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àti fáànù kan tó ń ráhùn ju gbogbo oníbàárà lọ. Kọ̀ǹpútà Àǹtí ò mọ àmì ohùn. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹjọ́ sùn, Àǹtí á wò ó látòkè délẹ̀, á ní: "Àmì wo? Ṣé o ò gbọ́ èdè ìyá ẹ ni? Fi làákàyè sí i."

Mo fi làákàyè sí i. Làákàyè mi sọ fún mi pé ìdí ẹranko yìí ni orí rẹ̀ wà.

Kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí iṣẹ́ ń gbé màmá mi lọ sí òkè òkun, níbi tó ti fẹ́ lọ tọ́jú àwọn arúgbó fọ́dún méjì, wọ́n kó ẹrù mi sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, wọ́n sì ní kí n há ara mi sáàárín mátírẹ́ẹ̀sì àti àpótí. Ẹ̀yìn ni mo kọjú sí. Kò síbòmíì tí mo lè kọjú sí. Ọkọ̀ ń sáré lọ síwájú, èmi ń wo màmá mi lẹ́nu géètì, ó ń juwọ́, ó ń kéré, ó dáwọ́ dúró, ó tún juwọ́, ó kéré bí ẹ̀wà, ọkọ̀ yà ní kọ̀rọ̀. Ẹranko tó ń lọ síwájú tó ń wo ẹ̀yìn ò yà mí lẹ́nu rárá. Mo ti jókòó síbi tó jókòó sí.

Mo wá yà á. Kìnnìún ńlá, apá méjì tó nà gbọọrọ. Níwájú, níbi tó yẹ kí orí wà, èjìká àti irun lásán. Lẹ́yìn, níbi tó yẹ kí ìrù wà, orí kan tó lójú ńlá méjì, tó ń wo ọ̀nà tó gbà wá bí ẹni pé ẹnì kan ń juwọ́ sí i.

Mò ń fi pẹ́ńsùlù kun irun náà ní kíláàsì lọ́jọ́ kejì nígbà tí ọwọ́ kan já a gbà. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Òun ni gbogbo kíláàsì máa ń wò kí wọ́n tó mọ̀ bóyá nǹkan dùn tàbí kò dùn. Tó bá ti rẹ́rìn-ín, ó dùn nìyẹn.

"Ẹ gbà mí o!" ó kígbe. "Ẹ wá wo ohun tí Àlejò yà! Ẹranko tó ń fi ìdí ríran!"

"Ibo ló gbà ń jẹun?" ọmọkùnrin kan béèrè.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, bi mí níbi tó gbà ń yàgbẹ́!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń gbé pépà mi kiri látọwọ́ dé ọwọ́. Ẹnu mi tó ti sùn fóṣù mẹ́ta wá jí.

"Ẹ rín tán?" mo ní, mo dìde. "Ẹ̀yin tí orí yín wà níwájú, kí lẹ ti fi rí? Ṣebí lójú gbogbo wa ni Ẹlẹ́rìn-ín fi orí gbá òpó lánàá, iwájú sì ni orí ẹ̀ wà!"

Wọ́n rín ìyẹn náà. Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ rín in. Mi ò jẹ́ kó tutù.

"Abojúwẹ̀yìn lorúkọ ẹ̀," mo ní. Ibo ni orúkọ ọ̀hún ti wá? Ẹ má bi mí, ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni. "Láyé àtijọ́, àwọn ará ẹ̀bá òkè kì í jẹ́ kí ọmọ wọn dá lọ sájò. Abojúwẹ̀yìn ló máa ń bá a lọ. Tó bá ti ń rí ilé lọ́ọ̀ọ́kán, ilé ò lè wó. Tó bá ti ń rí ìyá ọmọ náà lẹ́nu géètì, nǹkan kan ò lè ṣe ìyá ọmọ náà. Ó ti rìn kárí ayé, kò wo iwájú rí. Ọjọ́ tó bá wo iwájú, ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹnì kan ti lọ nílé nìyẹn."

Ọmọkùnrin tó béèrè ibi tó gbà ń jẹun rọra gbé pépà mi padà sórí tábìlì, ó tiẹ̀ tún un tẹ́.

"Ṣé bó ṣe wà nínú pépà ẹ nìyẹn?" Ẹlẹ́rìn-ín béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Bí àwọn ará ẹ̀bá òkè yẹn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn?"

Rárá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Kò gùn, kò wúwo, ọmọ ọdún méjì mọ̀ ọ́n pè.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. "Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

Ẹlẹ́rìn-ín sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó fọwọ́ gbá àyè tó ṣí sílẹ̀. "Àlejò, wá jókòó síbí."

Ẹ ò mọ bí àyè yẹn ṣe lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Abojúwẹ̀yìn ti wà lára báàgì, lára ìwé, lẹ́yìn ọwọ́. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Abojúwẹ̀yìn. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé kí ló tún ṣe, lójoojúmọ́ ni mo sì ń rí nǹkan sọ. Mo ní ó máa ń sùn pẹ̀lú ojú kan. Mo ní àwọn ará òkè máa ń fi àyè kan sílẹ̀ fún un nídìí tábìlì. Mo ní ọba wọn kan gbìyànjú láti yí orí rẹ̀ padà síwájú, ọba náà sì gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọjọ́ kẹrin fi máa pé, èmi gan-an ti ń gbọ́ ohùn àwọn ará òkè.

Ọjọ́rú ni Mọ́nítọ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wo awò ojú ni, òun ló ń pe orúkọ wa láràárọ̀, òun ló sì ń kọ orúkọ aláriwo. Ohùn rẹ̀ ò ga. Ó mú ìwé kan dání láti ilé ìkàwé, ó fi ìka rẹ̀ sáàárín rẹ̀.

Ó pe orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an, kì í ṣe Àlejò.

"Mo fẹ́ fi nǹkan hàn ẹ́," ó ní, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó ṣí ìwé náà. Kìnnìún wà níbẹ̀ lóòótọ́. Apá méjì wà níbẹ̀. Orí rẹ̀ sì wà níwájú, níbi tí orí gbogbo ẹranko ń wà, orí ẹyẹ kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ.

"Idì," ni Mọ́nítọ̀ wí. "Ẹyẹ idì, kì í ṣe ìdí. Orí idì ló ní. Wọ́n ní ó ń ṣọ́ wúrà, òun náà ni. Mo rò pé àìsí àmì ló fà á, ó lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà." Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ìpàtẹ ku ọjọ́ mẹ́fà. O ṣì lè tún un yà. Mo lè bá ẹ fa ìyẹ́ ọrùn ẹ̀, ọwọ́ mi dúró dáadáa."

Mo wo ẹyẹ náà. Ẹyẹ náà wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé òótọ́ ló sọ. Kò sí àríyànjiyàn kankan nínú mi. Ohun tí mo rí nínú ìwé yẹn ju ẹyẹ lọ: mo rí Ẹlẹ́rìn-ín tó ń sún padà sí àyè rẹ̀, mo rí ìṣó mọ́kànlélógún.

"O ṣeun," mo ní. Mo sì rìn lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín àti àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́bàá pápá, mo ṣe ohun tó ń tì mí lójú títí dòní.

"Ẹ ò tíì gbọ́!" mo ní. "Mọ́nítọ̀ ní ìdí òun ti di idì! Ó ní òun fẹ́ fò!" Mo gbé ìdí mi sókè, mo na apá méjèèjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò yí wọn ká. "Ó ní torí pé òun ń wo awò ojú, òun mọ ẹranko mi jù mí lọ. Ìlara ni, ẹ̀yin èèyàn mi, ìlara ti hù ú níyẹ̀ẹ́!"

Wọ́n rín títí wọ́n fi dì mọ́ra. Kí agogo ọ̀sán tó lù, orúkọ Mọ́nítọ̀ ti di Ìdí-Idì. Tó bá dìde láti pe orúkọ wa, ọwọ́ gbogbo kíláàsì á máa fì bí apá ẹyẹ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún, awò tí kò dọ̀tí.

Lọ́jọ́ kejì, bí àwa ṣe ń lọ jẹun, mo gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kọjá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń jẹ búrẹ́dì. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó ṣọ́ra fún ìṣó yẹn. Ẹlẹ́rìn-ín fà mí lápá, mo bá a lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni màmá mi máa ń pè, nígbà tí àwọn arúgbó rẹ̀ bá ń sùn. Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí ni mo wà, mò ń to pépà sínú ẹ̀rọ.

"Ọmọ mi, ṣé o ti lọ́rẹ̀ẹ́ báyìí?"

"Wọ́n pọ̀, Màmá. Wọ́n pọ̀ débi pé àyè ò gbà wá lórí bẹ́ǹṣì."

"Ṣé o rí i! Mo sọ fún ẹ. Dárúkọ ẹnì kan fún mi, kí n máa fi gbàdúrà fún un."

Mo mọ̀ pé Ẹlẹ́rìn-ín ń jẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín, àmọ́ orúkọ wo ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Mi ò bi í rí. Òun náà ò bi mí rí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan àti ààbọ̀, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí ibi tí mo ti wá, ta ni mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ibo ni màmá mi wà. Abojúwẹ̀yìn ni wọ́n sún fún. Èmi ni mo kàn gbé e wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ orúkọ mi ní kíláàsì yẹn, ẹni tó ń pè é láràárọ̀.

"Màmá," mo ní, "kírédíìtì yín á tán." Mo sì gbé fóònù sílẹ̀.

Fáànù ń ráhùn. Àǹtí yí àga rẹ̀ padà sí mi. "Wá ná. Ta ló kú?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi orí ìdí, Àǹtí rẹ́rìn-ín títí ó fi fi orí lé kọ̀ǹpútà. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó mú pépà tí Bàbá Ẹ-Wò-Ó fọwọ́ kọ jáde. Ó wà níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: *orí idì*. Ó tún rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ti Mọ́nítọ̀ fún un, ti fífò tí mo fò, ti bẹ́ǹṣì abẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀rín Àǹtí tán.

Ó dá pépà náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

"Ẹ̀bi àmì, tèmi ni," ó ní. "Mo gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Ẹ̀bi ẹnu, tìẹ ni. Má kó o pọ̀ mọ́ tèmi."

Ọjọ́ Ajé, òótọ́ náà dé ẹnu mi nígbà mẹ́ta. Ìgbà mẹ́ta ló padà sísàlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìpàtẹ. Wọ́n ti so ogójì àwòrán mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn: ejò olórí méje, obìnrin tó jẹ́ ẹja láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀, òrìṣà tó ń fi ọkàn òkú sórí ìwọ̀n. Ilé àkójọ ohun àtijọ́ ni ìyá tó wá yẹ̀ wọ́n wò ti wá. Irun rẹ̀ funfun báláú, ó fi bíró há etí bíi kápẹ́ńtà, kò sì kánjú. Ó dúró níwájú àwòrán kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń kí ojúlùmọ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dúró pẹ́. Bàbá Ẹ-Wò-Ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú bàbá náà ń lọ látorí àwòrán mi sórí mi, ó ń padà.

"Sọ ìtàn ẹ̀ fún mi," ìyá náà ní.

Mo sọ ọ́. Ọ̀nà, géètì, ìyá tó ń kéré lọ. Ojú ìyá onírun funfun náà kún fún omi, kò sì nù ún.

"Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń kó ìtàn báyìí jọ," ó ní. "Mi ò gbọ́ èyí rí." Ó fa ìwé kékeré kan yọ lápò, ó mú bíró létí. "Àwọn wo gan-an ló ń sọ ọ́, ọmọ mi? Orúkọ wọn? Òkè wo? Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Àwọn ará ẹ̀bá òkè ni, mà!" Ẹlẹ́rìn-ín dá a lóhùn láti ọ̀nà jíjìn. "Kìnnìún gidi nìyẹn! Ẹ fi tiẹ̀ sára ògiri!"

Bíró náà wà lórí ìwé. Mo rí ṣóńṣó rẹ̀. Mo wo òdìkejì gbọ̀ngàn, mo rí Mọ́nítọ̀ níwájú ẹyẹ iná tí òun yà, òun nìkan, kò sí ẹni tó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i. Kò wò mí. Ó ń nu awò ojú rẹ̀.

"Ẹ má kọ ọ́, mà," mo ní.

"Kí lo wí?"

"Kò sí àwọn tó ń sọ ọ́." Mo gbé ohùn mi sókè kí gbogbo gbọ̀ngàn lè gbọ́. "Idì ni wọ́n kọ, ìdí ni mo kà. Ìtàn náà, èmi ni mo hun ún. Mo mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn pé mo ti ṣì í. Mọ́nítọ̀ ló rí i nínú ìwé, kọ̀rọ̀ ló pè mí sí kó tó sọ fún mi, ó tiẹ̀ ní òun á bá mi tún un yà. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìdí-Idì. Kò ṣe ìlara kankan."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín fín-ín. Ẹ̀rín náà ò rí ẹni bá a rín in.

"Ẹ wò ó," ni Bàbá Ẹ-Wò-Ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò rí nǹkan sọ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá náà dé bíró rẹ̀. "Díẹ̀ ló kù kí n fi irọ́ sínú ìwé mi," ó ní. Kò jágbe, ìyẹn ló wá burú jù. "Tẹ́tí sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lára ògiri yìí, ẹnu èèyàn ni wọ́n ti kọ́kọ́ jáde. Àwọn kan sọ ọ́, ọmọ wọn sọ ọ́, ọmọ ọmọ wọn sọ ọ́, wọ́n fi ń tu ara wọn nínú, wọ́n fi ń bẹ̀rù. Tìẹ náà lè jẹ́ ọ̀kan. Kọ orúkọ ara ẹ sábẹ́ ẹ̀. Má fi ọ̀rọ̀ sẹ́nu àwọn tí kò sọ ọ́."

Ejò olórí méje ló bọ́ sára ògiri ilé ìkàwé. Orí kan lára rẹ̀ dà bí ọ̀dùnkún, àmọ́ méje ló wà nínú pépà, méje lọmọkùnrin náà yà.

Ẹlẹ́rìn-ín sún padà sí àyè rẹ̀. "O sọ wá di ọ̀bọ," ó ní, ó parí. Wọ́n pa Abojúwẹ̀yìn rẹ́ lára báàgì wọn. Èmi ni wọ́n wá ń pè ní Orí-Ìdí, ọwọ́ kan náà tí mo fi fún ẹlòmíì ni mo fi gbà á. Mo lọ bá Mọ́nítọ̀, mo ní kó forí jì mí. Ó wò mí tààrà. "Mo ti gbọ́," ó ní, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Mo padà sórí bẹ́ǹṣì abẹ́ àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì. Mo wá òkúta, mo fi gbá ìṣó tó yọrí síta wọlé. Tí mo bá délé, Àǹtí á gbé pépà oníbàárà síwájú mi, àti bíró pupa, èmi á sì máa fọwọ́ fi àmì sí i, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí pépà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò lè mọ iye jàǹbá tí mo ti yẹ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, mo gba oko, ọkọ àti ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wọn.

Mo dúró de ọjọ́ Àìkú, mo sì sọ fún màmá mi pé mi ò lọ́rẹ̀ẹ́. "Èmi náà ò tíì ní níbí," ó ní. A jọ sunkún díẹ̀, a jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ìgbà tó ti lọ, ọjọ́ yẹn ló sún mọ́ mi jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, mi ò ní fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Tẹ́ ẹ bá fi irọ́ ra àyè láàárín èèyàn, irọ́ yẹn ló máa jókòó síbẹ̀, ẹ̀yin ṣì wà níta. Ìdánìkanwà máa ń dunni, mo mọ̀ ọ́n ju ẹni tó fẹ́ kọ́ mi lọ, àmọ́ kò fún mi láṣẹ láti gbé e ru ẹlòmíì. Ẹnì kan ṣoṣo tó wá sọ òótọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀, tó pè mí lórúkọ mi, tó ní òun á bá mi tún un ṣe, òun ni ọ̀rẹ́ tí mò ń wá. Òun gan-an sì ni mo lé dànù.

Ọjọ́bọ̀ kan, mò ń jẹun, òjìji kan bọ́ sórí bẹ́ǹṣì. Mọ́nítọ̀ jókòó sí ìpẹ̀kun kejì. Àyè tó wà láàárín wa gba èèyàn kan gbáko. Ó ṣí búrẹ́dì rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì kó tó sọ̀rọ̀, kò sì wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ẹranko ẹ yẹn," ó ní. "Ṣé kì í rí iwájú rárá?"

"Rárá."

"Tí gọ́tà bá wá wà níwájú ńkọ́?"

Mi ò rò ó rí. Nínú gbogbo ohun tí mo purọ́ rẹ̀, mi ò dé ibẹ̀.

"Á já sí i," mo ní.

"Àfi tí ẹnì kan bá ń bá a rìn." Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó pe orúkọ mi, ó na ọwọ́ sí mi kọjá àyè tó wà láàárín wa. "Mú pẹ́ńsùlù ẹ wá. Ibo lo fẹ́ kí ẹni yẹn dúró sí?"